Ẹni Tí Ó Bá Ń Kó Àwòrán Akọni Jàpáànì Jọ, Kí Ó Má Ṣe Gé Ọ̀rọ̀ Wọn Sọnù

Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn ọlọ́rọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù àti ti Amẹ́ríkà ti ń kó àwòrán ilẹ̀ Jàpáànì jọ, ìyẹn àwọn tí a fi pákó gbígbẹ́ tẹ̀ sórí ìwé. Nínú wọn ni èyí tí àwọn onílẹ̀ ń pè ní musha-e wà, àwòrán àwọn akọni àti àwọn jagunjagun inú ìtàn. Òwò náà kò tíì dáwọ́ dúró. A ń tà wọ́n ní gbàǹjo, a ń tà wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù, ẹni tí kò lówó púpọ̀ pàápàá sì lè rí ọ̀kan rà. A kò rí ohun búburú nínú èyí. Ohun tí ó ń dùn wá ni ìwà àwọn kan nínú àwọn tí ń rà wọ́n, ti àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí. Wọn a gé etí ìwé náà kúrò kí ó lè bá férémù mu. Wọn a ya àwòrán tí ó jẹ́ abala mẹ́ta sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọn a sì tà á fún ẹni mẹ́ta tí kò mọ ara wọn. Wọn a gbé e kọ́ sí ògiri tí oòrùn ń ràn sí, títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi ṣá. Bí a bá bi wọ́n pé ta ni akọni tí ń bẹ nínú rẹ̀, wọn a ní, "Sàmúráì kan ni."

Sàmúráì kan! Ó dàbí ìgbà tí àlejò wọ Ilé-Ifẹ̀, tí ó rí ère Mọremí, tí ó sì ní, "Obìnrin kan ni."

Èrò tiwa, tí a fẹ́ gbé síwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa, ni pé ọ̀rọ̀ ni àwọn àwòrán wọ̀nyí kí wọ́n tó di ọ̀ṣọ́ ilé. A tẹ púpọ̀ nínú wọn ní àkókò tí ìjọba fi àgádágodo sí ẹnu àwọn ènìyàn. Ohun tí ẹnu kò gbọdọ̀ sọ ni a gbé ẹ̀wù akọni ìgbàanì wọ̀, tí a sì rán an jáde sí ọjà. Ẹni tí ó bá pa orúkọ, èdìdì, àti abala yòókù tì, ọ̀rọ̀ gan-an ni ó gé kúrò. Awọ lásán ni ó gbé lọ sílé.

Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan nínú ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú bi wá pé kí ni ó kàn wá nínú ìwé àlẹ̀mógiri ilẹ̀ òkèèrè. Ìdáhùn wa kò gùn. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ tí onílù ń ki ìdílé kan, tí ó sì mọ̀ pé gbólóhùn kan wà tí onílù náà mọ̀, ṣùgbọ́n tí kò gbọdọ̀ fi ẹnu kàn níwájú ọba, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti mọ ìdajì ohun tí a fẹ́ sọ. Onílù a máa fi awọ ìlù sọ ọ́. Àwọn ayàwòrán Jàpáànì fi ẹni tí ó ti kú láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rin ọdún sẹ́yìn sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ bí a ti ń ṣe é. Ènìyàn mẹ́rin ni ó ń bẹ nídìí iṣẹ́ náà. Oníwèé, ẹni tí ń náwó sí i tí ó sì ń tà á, ni ó máa ń bẹ iṣẹ́. Ayàwòrán yóò fi búrọ́ọ̀ṣì àti tàdáwà ya àwòrán sórí ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Agbẹ́gi yóò lẹ ìwé náà mọ́ pákó igi ṣẹ́rì ní ìdojúdé, yóò sì gbẹ́ gbogbo ibi tí kò sí ìlà kúrò, kí ìlà nìkan lè yọ sókè. Báyìí ni ìwé tí ayàwòrán fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà ṣe ń ṣègbé sínú iṣẹ́ náà. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ní pákó tirẹ̀, a sì gbẹ́ àmì kékeré méjì sí etí pákó kọ̀ọ̀kan, láti fi mọ ibi tí ìwé yóò jókòó sí, kí pupa má ba à ya wọ inú búlúù. Ẹnì kẹrin, atẹ̀wé, yóò kun pákó, yóò tẹ́ ìwé tí a fi èèpo igi ṣe lé e, yóò sì fi ohun pẹlẹbẹ kan tí a fi èèpo ọparun wé ra ẹ̀yìn ìwé náà títí àwọ̀ yóò fi mu ún. Láti 1765 ni a ti ń tẹ àwọ̀ púpọ̀ báyìí ní ìlú Edo, èyí tí à ń pè ní Tokyo lónìí, nígbà tí Suzuki Harunobu gbajúmọ̀. Ìwé kan kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 38 sí 26 lọ. Iye rẹ̀ kò sì ju owó àwo oúnjẹ kan tàbí méjì lọ lọ́wọ́ àwọn tí ń ta sóbà lẹ́bàá títì. Alágbàṣe lè rà á, panápaná lè rà á, ìyàwó oníṣòwò lè rà á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ohun tí àwọn ọ̀pọ̀ ènìyàn bá lè rà ni ìjọba máa ń bẹ̀rù.

Nínú gbogbo àwọn tí ó ya akọni, kò sí ẹni tí ó ta Utagawa Kuniyoshi yọ. Ọmọ aláró ni. Ṣẹ́dà ni bàbá rẹ̀ ń pa láró ní Edo. Ní nǹkan bí 1797 ni a bí i, ó sì kú ní 1861. Ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Utagawa Toyokuni, ọ̀gá ńlá nígbà náà. Ṣùgbọ́n fún ọdún púpọ̀ ni ọjà rẹ̀ kò fi tà. Ní nǹkan bí 1827 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwọn akọni 108 inú ìwé ìtàn Ṣáínà kan tí àwọn ará Jàpáànì ń pè ní Suikoden. Ọlọ́ṣà ni àwọn 108 wọ̀nyí lójú ìjọba. Lójú ìtàn, olóòótọ́ ni wọ́n, tí ìwà ìbàjẹ́ àwọn ìjòyè lé wọn wọ inú ẹrẹ̀ àti orí òkè. Kuniyoshi ya wọn ní ẹnì kọ̀ọ̀kan sórí ìwé kọ̀ọ̀kan, iṣan ara wọn le bí okùn ọkọ̀, ó sì fín dírágónì àti òdòdó sí ara àwọn kan nínú wọn láti ọrùn dé itan. Kò yà wọ́n tán. Nǹkan bí 74 ni a mọ̀. Ṣùgbọ́n ìlú Edo gbọ̀n rìrì. Àwọn panápaná, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà àti àwọn alágbàṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ fín irú rẹ̀ sí ẹ̀yìn ara wọn, títí di òní yìí sì ni àwọn tí ń fín ara ní Jàpáànì ṣì ń ya àwọn ọlọ́ṣà Kuniyoshi. Ohun tí ìjọba kò lè gé ní etí nìyẹn.

Ó yẹ kí a sọ irú ìjọba tí ó jẹ́. Láti 1603 títí di 1868, ṣógùn láti inú ìdílé Tokugawa ni ó ń ṣe olórí Jàpáànì. Ọba ń bẹ ní Kyoto, ṣùgbọ́n kò ní àṣẹ; ó dàbí ẹni pé Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ni ó gba àkóso gbogbo ilẹ̀ Ọ̀yọ́, tí ó sì fi Aláàfin sílẹ̀ sí ààfin láti máa ṣe orò. Irú ìjọba tí a fi idà gbà báyìí kì í fẹ́ kí a sọ ìtàn bí a ti gbà á. Nítorí náà ni òfin fi kà á léèwọ̀ láti ya jagunjagun kankan tí ó wà láyé láti nǹkan bí 1573 wá, kí a sì kọ orúkọ rẹ̀ tàbí àmì ìdílé rẹ̀ sí i. Ní 1804, a mú Kitagawa Utamaro, ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ nínú àwọn tí ń ya àwòrán obìnrin, nítorí pé ó ya Toyotomi Hideyoshi, ọ̀gágun tí ó ti kú láti 1598. A tì í mọ́lé, a sì fi ẹ̀wọ̀n dè é lọ́wọ́ fún 50 ọjọ́. Ó kú ní 1806.

Kí ni àwọn ayàwòrán wá ṣe? Wọ́n yí orúkọ padà díẹ̀, bí àwọn òṣèré orí ìtàgé ti ń ṣe. Hideyoshi di Hisayoshi. Katō Kiyomasa di Satō Masakiyo. Kò sí ọmọdé kan ní Edo tí kò mọ ẹni tí à ń wí, ṣùgbọ́n adájọ́ kò rí orúkọ náà lórí ìwé. Ẹni tí ó bá ń kó àwòrán wọ̀nyí jọ lónìí, tí kò mọ ọgbọ́n yìí, yóò máa wá Satō Masakiyo kiri inú ìwé ìtàn, kò sì ní rí i láéláé.

Èyí tí ó lókìkí jù nínú irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn jagunjagun 47. Ní 1701, baálẹ̀ ilẹ̀ kan tí ń jẹ́ Asano Naganori fa idà yọ sí ìjòyè Kira Yoshinaka nínú ààfin ṣógùn. Lọ́jọ́ náà gan-an ni a pàṣẹ pé kí ó gbẹ̀mí ara rẹ̀. A gba ilẹ̀ rẹ̀, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sì di ẹni tí kò ní olúwa mọ́. Ní oṣù kìn-ín-ní 1703, 47 nínú wọn, tí Ōishi Kuranosuke ṣáájú, ya wọ ilé Kira lóru, wọ́n gé orí rẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí ibojì olúwa wọn ní tẹ́ḿpìlì Sengakuji. Ìjọba pàṣẹ pé kí àwọn náà gbẹ̀mí ara wọn. Ní 1748, a fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe eré, a sì sọ pé ayé àtijọ́ ni ó ti ṣẹlẹ̀; Ōishi Kuranosuke di Ōboshi Yuranosuke. Ìgbà tí Kuniyoshi fẹ́ yà wọ́n ní 1847, ó tún orúkọ wọn yí. Ní òkè ìwé kọ̀ọ̀kan, òǹkọ̀wé kan tí ń jẹ́ Ippitsuan kọ ìtàn ẹni náà: ọmọ ta ni, kí ni ó ṣe lóru ọjọ́ náà. Àwa, lójú tiwa, oríkì ni a pè é. Kí a sì sọ òótọ́, nínú ìwé wọ̀nyí, àwòrán wà nísàlẹ̀ láti ti oríkì lẹ́yìn ni. Síbẹ̀, a mọ̀ pé àwọn kan wà tí wọ́n ti gé orí ìwé náà kúrò, nítorí pé wọn kò lè ka ohun tí a kọ sí i.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí ó lágbára jù nínú ọ̀rọ̀ wa ni èyí tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1843, a ó sì dúró lórí rẹ̀ díẹ̀.

Láti 1841 ni Mizuno Tadakuni, olórí ìgbìmọ̀ ṣógùn Tokugawa Ieyoshi, ti ń fi òfin líle mú àwọn ará Edo. Ó ka aṣọ olówó iyebíye léèwọ̀, ó lé àwọn ilé eré jìnnà sí àárín ìlú, ó sọ ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn fi ń jẹun di ẹ̀ṣẹ̀. Ní 1842, ó fòfin de títẹ àwòrán àwọn òṣèré àti àwọn obìnrin aṣẹ́wó, èyí tí ó jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ àwọn oníwèé. Ó ní kí wọ́n máa tẹ ohun tí yóò kọ́ ọmọ ní ìwà rere. Àwọn oníwèé dáhùn pé, ó dára. Kí ni ó tún lè kọ́ ọmọ ní ìwà rere ju ìtàn àwọn akọni ayé àtijọ́ lọ?

Báyìí ni Kuniyoshi ṣe ya Minamoto no Raikō, jagunjagun tí ó kú ní 1021. Gbogbo ayé ni ó mọ ìtàn náà: Raikō ń ṣàìsàn, ìwin aláǹtakùn ilẹ̀ sì wá láti pa á, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ mẹ́rin ń ṣọ́ ọ. Abala mẹ́ta ni àwòrán náà. Raikō dùbúlẹ̀, oorun ń kùn ún. Aláǹtakùn ti la ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ jókòó, méjì nínú wọn sì ń ta ayò gó. Lókè, nínú òkùnkùn, ogun ìwin tí kò lóǹkà ń rọ́ bọ̀. Kò sí ohun tí ó lòdì sí òfin nínú rẹ̀. Àwọn tí ń yẹ ìwé wò gbà á wọlé.

Ìgbà tí ó dé ọjà ni ojú àwọn ènìyàn là. Wọ́n rí i pé àmì tí ó wà lára aṣọ Suetake, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ mẹ́rin náà, jọ àmì ìdílé Mizuno. Bí Suetake bá jẹ́ Mizuno, ta wá ni Raikō tí ń sùn nígbà tí ilé ń jó? Ta sì ni àwọn ìwin tí inú ń bí lókè? Àwọn ará Edo bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi ìka tọ́ ọ: èyí dúró fún iṣẹ́ tí a fòfin dè, ọ̀hún dúró fún òmíràn. Gbogbo àwọn tí Mizuno gba oúnjẹ lẹ́nu wọn ni ó ti di ìwin lórí ìwé. Ẹ̀rù ba oníwèé. Ó kó èyí tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ kúrò lọ́jà, a sì fá ojú àwọn pákó náà kí a má baà lè tẹ̀ ẹ́ mọ́. Kàkà kí ọ̀rọ̀ náà kú, àwọn mìíràn gbẹ́ pákó tuntun, wọ́n ń tẹ ẹ̀dà rẹ̀ tà ní ìkọ̀kọ̀. Ní 1843 kan náà ni a yọ Mizuno kúrò ní ipò rẹ̀. Kò jẹ́ pé àwòrán ni ó yọ ọ́, ṣùgbọ́n ó bá àwòrán náà lọ́jà.

Kuniyoshi kò jẹ ìyà kankan nítorí rẹ̀. Ó yé wa ìdí. Ẹni tí yóò fẹ̀sùn kàn án yóò ní láti kọ́kọ́ dìde kí ó sì jẹ́wọ́ ní gbangba pé ṣógùn ni Raikō tí ń sùn náà. Ta ni ó jẹ́ dán an wò?

Nísinsìnyí, kí a wá fi abala ọ̀tún àwòrán yìí nìkan fún ẹnì kan, kí a gé etí rẹ̀, kí a sì gbé e kọ́ sí yàrá àlejò. Ọkùnrin kan ń sùn, aláǹtakùn wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó lẹ́wà púpọ̀. Kò sọ nǹkan kan.

Èyí ni a fi ń sọ pé etí ìwé àti igun àwòrán tóbi ju bí wọ́n ti rí lójú lọ. Níbẹ̀ ni orúkọ ayàwòrán wà, níbẹ̀ ni àmì oníwèé wà, níbẹ̀ sì ni èdìdì àwọn tí ìjọba yàn láti yẹ ìwé wò wà. Láti 1790 ni èdìdì yìí ti bẹ̀rẹ̀. Láti 1842, ó di orúkọ ẹni tí ó yẹ̀ ẹ́ wò gan-an, kí a lè mọ ẹni tí a ó mú bí ọ̀rọ̀ bá dójú rú. Láti 1847, ó di orúkọ ẹni méjì. Ìjọba kò gbẹ́kẹ̀ lé ojú ẹnì kan ṣoṣo mọ́! Láti 1852 ni a tún fi èdìdì ọdún àti oṣù kún un. Nítorí náà, ẹni tí ó bá mọ èdìdì yóò mọ ọdún tí a tẹ ìwé, yóò sì mọ òfin tí ó wà lórí ayàwòrán lọ́dún náà. Bí a bá ní kí a yan ọ̀kan nínú méjì, ìwé tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, tí kòkòrò ti jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n tí etí rẹ̀ pé, àti èyí tí ń dán tí a ti gé, àwa yóò gbé ti kòkòrò.

Ní ti yíya abala mẹ́ta sọ́tọ̀, a ó mú àpẹẹrẹ kan ṣoṣo wá. Ní nǹkan bí 1845, Kuniyoshi ya Takiyasha, ọmọbìnrin Taira no Masakado. Masakado ni ẹni tí ó dìtẹ̀ sí ọba, tí a sì pa ní 940. Ìtàn sọ pé ọmọbìnrin yìí fara pa mọ́ sínú ahoro ààfin bàbá rẹ̀, ó kọ́ oògùn, ó sì ń pe àwọn ẹ̀mí jáde láti bá àwọn ọmọ ogun ọba jà. Santō Kyōden ti kọ ọ́ sínú ìwé ní 1806, àwọn egungun òkú púpọ̀ ni ó sì wà nínú ìwé tirẹ̀. Kuniyoshi sọ gbogbo wọn di ẹyọ kan: egungun òkú kan tí ó ga ju ilé lọ, tí ó fa aṣọ ìkélé ya, tí ó bẹ̀rẹ̀ wo jagunjagun tí a rán wá. Takiyasha dúró ní abala òsì, ìwé oògùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ra abala òsì nìkan ti ra ọmọbìnrin kan tí ń kàwé. Ẹni tí ó bá ra ti ọ̀tún ti ra egungun tí kò sí ẹni tí ó pè é. A ti rí àwọn oníṣòwò tí wọ́n ń sọ pé títà lọ́kọ̀ọ̀kan ni ó ń mú owó wọlé. A kò jiyàn lórí owó.

Àwọn kan yóò sọ pé àwa fi ọ̀rọ̀ sí ẹnu àwòrán, pé ọ̀pọ̀ jagunjagun tí a tẹ̀ ní Edo kò ju ohun ìṣiré ọmọdé lọ. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Kintarō, ọmọ alágbára tí ń bá béárì jìjàkadì, kò bú ṣógùn kankan, tí àwa mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo Tsukioka Yoshitoshi, ọmọ iṣẹ́ Kuniyoshi. Ní 1868 ni ìjọba Tokugawa wó, ogun abẹ́lé sì jà dé Ueno nínú Edo gan-an. Òfin ṣì ń lé àwọn ayàwòrán kiri. Ní ọdún náà àti èkejì rẹ̀, Yoshitoshi tẹ àwọn jagunjagun ìgbàanì jáde lọ́pọ̀lọpọ̀, orúkọ ìgbàanì ni ó wà lára wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó rẹ̀, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ bò, àwọn tí ojú wọn ti kú kí ara wọn tó kú, àwọn ọmọ Ueno ni. Kò sí ẹni tí ó ra á nígbà náà tí kò mọ̀. Ẹni tí ó bá rà á lónìí láìka orúkọ àti ọdún rẹ̀ yóò rò pé ìtàn àròsọ ni ẹ̀jẹ̀ náà.

Ohun mìíràn tún wà tí ó mú kí a máa bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ara àwòrán wọ̀nyí, ó sì wúwo ju ti èdìdì lọ. Akọni tí a ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ìjọba èyíkéyìí lè fi tirẹ̀ sí i lẹ́nu. Nígbà tí Jàpáànì bá Ṣáínà jagun ní 1894 àti 1895, àwọn oníwèé tún tẹ àwòrán abala mẹ́ta lọ́pọ̀lọpọ̀, àwọn ọmọ ogun tuntun sì dúró níbẹ̀ bí akọni Kuniyoshi ti ń dúró, àfi pé kò sí ẹni tí ń bú aláṣẹ mọ́. Ìyìn nìkan ni ó kù. Ní àwọn ọdún 1930, àwọn 47 tí ìjọba ayé ọjọ́un pa ni ìjọba ayé tuntun gbé síwájú àwọn ọ̀dọ́ láti kọ́ wọn bí a ti ń kú láìbéèrè ìdí. Ìgbà tí ogun parí ní 1945 tí àwọn ará Amẹ́ríkà gba àkóso, wọ́n fòfin de eré àwọn 47 náà, kò sì padà sórí ìtàgé títí di 1947. Bẹ́ẹ̀ ni ìtàn kan náà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lójú ṣógùn, ó jẹ́ ẹ̀kọ́ lójú àwọn olórí ogun, ó sì tún di ẹ̀ṣẹ̀ lójú àwọn tí ó ṣẹ́gun wọn. Ìwé Kuniyoshi tí oríkì rẹ̀ pé nìkan ni ó lè sọ fún wa ohun tí ó jẹ́ lójú àwọn tí ó kọ́kọ́ rà á.

A kò fẹ́ kí a rò pé gbogbo àwọn akójọ ni a ń bá wí. William Sturgis Bigelow, oníṣègùn ará Boston, dé Jàpáànì ní 1882, nígbà tí àwọn ọmọ onílẹ̀ pàápàá ń ta ohun àtijọ́ ní ọ̀pọ̀. Ó rà, ó rà, ó sì fi wọ́n fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú rẹ̀ ní 1911. Àwòrán Jàpáànì tí ó wà níbẹ̀ lónìí ju 50,000 lọ, ọwọ́ rẹ̀ ni èyí tí ó pọ̀ jù ti wá. Ohun tí a yìn ín fún ni pé kò ṣà wọ́n. Àwọn òyìnbó ọlọgbọ́n ìgbà rẹ̀ a máa fojú tẹ́ńbẹ́lú Kuniyoshi. Wọ́n ní iṣẹ́ àwọn tí ó wà ṣáájú 1800 nìkan ni ó níláárí. Bigelow kó ti àwọn mèkúnnù pẹ̀lú. Bí kò bá ṣe irú rẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn akọni wọ̀nyí ni a ìbá ti fi dáná.

Nínú ilé kan náà ni ẹ̀bùn àwọn ará Spaulding wà, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, tí wọ́n fi àwòrán tí ó ju 6,000 lọ sílẹ̀ ní 1921, pẹ̀lú àdéhùn pé a kò gbọdọ̀ gbé wọn kọ́ sára ògiri fún ìran láéláé. Ìdí wọn ni pé búlúù àtijọ́, tí a fi òdòdó inú oko ṣe, kì í lè fara da ìmọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà sì ni pupa tí a ń fún láti ara òdòdó. Inú bí ọ̀pọ̀ ènìyàn sí àdéhùn yìí. Wọ́n ní kí ni àǹfààní ohun tí ojú kì í rí? Ní tiwa, a gbà pẹ̀lú àwọn Spaulding ju bí a ti kọ̀ fún wọn lọ. Àwọn tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ lè béèrè kí a ṣí wọn wò. Lónìí a sì ti ya wọ́n ní fọ́tò tí ẹni tí kò tilẹ̀ dé Boston rí lè wò. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí àwọ̀ Edo ti rí ní tòótọ́ lọ́jọ́ tí ó kúrò lọ́wọ́ atẹ̀wé, inú òkùnkùn àpótí náà ni yóò ti jáde wá.

Ẹni ìkẹyìn tí a ó dárúkọ ni ọmọ Jàpáànì fúnra rẹ̀. Matsukata Kōjirō, olórí ilé iṣẹ́ tí ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Kobe, gbọ́ pé Henri Vever, alágbẹ̀dẹ wúrà kan ní Paris, ní àwòrán Jàpáànì bí 8,000 lọ́wọ́. Ní 1920, Matsukata rà wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà, kò yan kan, kò fi kan sílẹ̀, ó sì gbé wọn padà sí ilẹ̀ baba rẹ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín pé ó fi owó góòlù ra ohun tí baba ńlá rẹ̀ fi owó oúnjẹ rà. Ọ̀rọ̀ náà kò lè ṣàì wọ àwa lára, àwa tí a mọ̀ pé orí idẹ Ifẹ̀ kan ti wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1939. A kò rẹ́rìn-ín. Owó tí ó san jẹ́ ìtanràn ohun tí àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ jù nù, ó sì sàn án láìpín ohun náà yẹ́lẹyẹ̀lẹ.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní Tokyo ni wọ́n wà lónìí. A kì í pàtẹ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ni a ń mú wọn jáde fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nínú ìmọ́lẹ̀ tí kò mú ojú. Lẹ́yìn náà ni a óò kó wọn padà sínú àpótí, tí àwọn mìíràn yóò sì jáde.